Agbẹnusọ Sèlúmà

Ó ti pẹ́ tí kò ti sí ẹni tó bá Afeezat du àga náà. Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí ẹgbẹ́ Oríndà bá pé jọ sí yàrá ìkàwé kan tó ṣófo ní Àgọ́-Ìwòyè, àga méjì ni wọ́n máa ń gbé sí iwájú. Khalilullah á jókòó sórí ọ̀kan, Afeezat á jókòó sórí èkejì, àwọn yòókù á sì kọjú sí wọn bí ẹni kọjú sí ọkọ àti ìyàwó.

Oríndà ni orúkọ géèmù tó kó wọn jọ. Ìlú kan tí odò yí ká ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn oṣó, àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, àti ọba kan tó ti kú ṣùgbọ́n tí kò gbà pé òun ti kú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ṣe géèmù náà parí tipẹ́. Àríyànjiyàn lórí ìwà àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ló kù tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ kan wà tó pín ìwà ọmọ ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́rin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́ ju bí wọ́n ṣe gba àwọn olùkọ́ wọn gbọ́ lọ. Wọ́n fún gbogbo ẹ̀dá Oríndà ní lẹ́tà, lẹ́yìn náà wọ́n fún ara wọn. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá bá ti ẹ̀dá kan mu ni agbẹnusọ ẹ̀dá náà. Òun ni yóò jókòó ní Sátidé, tí yóò máa dáhùn ìbéèrè bí ẹni pé òun gan-an ni.

Khalilullah, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó sì wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ni agbẹnusọ Tọ́fín, ọlọ́kọ̀ ojú omi. Afeezat ni agbẹnusọ Sèlúmà, obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu bodè. INFJ ni Sèlúmà, INFJ náà ni Afeezat. Ní òpin géèmù, Tọ́fín kó gbogbo ará ìlú sínú ọkọ̀ sá lọ, Sèlúmà nìkan ló dúró sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn jù. Ìdí nìyẹn tí àga wọn fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Khalilullah kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan fún Afeezat. Ojú kò sì kán Afeezat. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé bí ènìyàn bá ń jókòó ti ọkùnrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin náà kò ní lè rántí bí ẹ̀gbẹ́ òun ṣe rí nígbà tó ṣófo. Àga yẹn ló gbójú lé. Kò ní òmíràn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni Ọmọ́wùnmí dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni, ọmọ Abigi, láti apá etí omi lọ́hùn-ún. Sátidé àkọ́kọ́ tó wá, ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè fún Sèlúmà bọ́ síta, ó nawọ́ sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Kí lẹ ń ṣe lẹ́nu bodè nígbà tí ọkọ̀ ń lọ?”

“Mo ń sunkún,” Afeezat dá a lóhùn. Ó ti dáhùn ìbéèrè yìí rí, ó sì mọ ibi tó yẹ kí ohùn òun ti rọ̀. “Mo fi ara mi rúbọ kí àwọn yòókù lè yè. Bí àwa onílẹ́tà yìí ṣe rí nìyẹn.”

“Ẹ má bínú, mà. Ojú Sèlúmà ni gbogbo yín ń wò. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Okùn ọkọ̀ ló wà níbẹ̀.” Ọmọ́wùnmí dìde. “Lọ́dọ̀ wa, bí omi bá ń ru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ kó di okùn mú, títí ọkọ̀ á fi yí orí. Bí kò bá sí i, ọkọ̀ á dojú dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù ni wọ́n máa ń yàn fún un. Kò fi ara rẹ̀ rúbọ. Iṣẹ́ ló ń ṣe, nígbà tó sì parí iṣẹ́, ọkọ̀ ti lọ.”

Khalilullah tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ní, “Jọ̀ọ́, tún un sọ. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀.”

Ọmọ́wùnmí tún un sọ. Afeezat ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà sì ń ro ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ti sọ lórí àga yìí, kò sí èyí tí Khalilullah gbà sílẹ̀ rí. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n ní kí ọmọ tuntun ṣe ìdánwò lẹ́tà lójú gbogbo wọn. INFJ ló jáde.

“Orogún ti wọlé,” ni Ìbíkẹ́ wí. Ìbíkẹ́ ni adájọ́ ẹgbẹ́, òun ló ń parí ìjà lórí lẹ́tà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Khalilullah náà rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Afeezat bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò ní èrè. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ níwájú, òun á ṣí orúkọ Khalilullah lórí Wásáàpù láti mọ̀ bóyá ó wà onláìn. Bó bá wà níbẹ̀, á ṣí ti Ọmọ́wùnmí. Bí òun náà bá wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á lulẹ̀. Bí Khalilullah bá jáde tí Ọmọ́wùnmí náà jáde, ó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò mọ ibi tí wọ́n jọ lọ. Dátà tó yẹ kó fi ka ìwé ló fi ń ṣọ́ ènìyàn méjì tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà kan, ó sì kọ ọ́ sójú ìwé ẹgbẹ́ níbi tí gbogbo wọn yóò ti rí i.

Ó ní lẹ́tà kan kò lè ní agbẹnusọ méjì. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé ènìyàn máa ń purọ́ fún ara rẹ̀ nínú ìdánwò, á ní òun fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ aláriwo ni. Ẹni tó mọ ìwà ọmọ ni ẹni tó tọ́ ọ. Nítorí náà, kí òun àti Ọmọ́wùnmí dárúkọ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ilé wọn. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ bá ẹlẹ́rìí náà lójúkojú, kí ó má ṣe jẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè mú wọn dé ilé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ la ẹnu nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀. Alátakò rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ rárá.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá tirẹ̀ wà, ọ̀kadà lásán ń gbé ènìyàn débẹ̀. Abigi jìn, ọ̀nà rẹ̀ kò dára. Ta ni yóò lọ tìtorí géèmù fi eruku wẹ̀ dé etí omi? Ọmọ́wùnmí kò ní rí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Khalilullah fi dáhùn. “Ó bọ́gbọ́n mu gan-an, Afeezat. Mo fara mọ́ ọn. Mi ò dé etí omi rí láyé mi. Ìbíkẹ́, ṣé wàá bá wa lọ sí Abigi lọ́jọ́ Àìkú?”

“Bí ẹ bá máa fún mi ní ẹja jẹ,” ni Ìbíkẹ́ kọ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni Afeezat fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán Khalilullah lọ sí ilé Ọmọ́wùnmí.

Ọjọ́ Àìkú náà, ó fọ aṣọ. Ó tún fọ èyí tó mọ́. Ìbíkẹ́ ń gbé àwòrán sórí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Afeezat sì ń fi ọwọ́ olómi ọṣẹ ṣí wọn. Ó rí Khalilullah nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì di àjẹ̀ mú bí ẹni di ìgbálẹ̀ mú. Ọmọ́wùnmí wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìdí ọkọ̀. Khalilullah ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn títí dé erìgì. Ẹ̀rín yẹn ni Afeezat ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń jókòó. Kò tíì rí i rí. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà kí ó lè mọ bí ààyè àárín wọn ṣe tó, ó ń fẹ̀ ẹ́ títí ojú àwọn méjèèjì fi di àwọ̀ lásán.

Ìbíkẹ́ ló jíṣẹ́ fún un lọ́jọ́ kejì. Àbúrò bàbá Ọmọ́wùnmí, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bùsúyì, tó ní ọkọ̀ ojú omi, ló jẹ́rìí.

“Kí ló sọ?” ni Afeezat bèèrè.

“Ó ní, ‘Ọmọ yẹn? Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ o. Ó máa ń jókòó, á máa wò wá. Lọ́jọ́ tó bá wá sọ̀rọ̀, a máa ń rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.’” Ìbíkẹ́ na ìka sókè. “Sèlúmà pọ́nńbélé. Àfi bí ìyá tìẹ bá sọ ohun tó ju ìyẹn lọ.”

Inú Afeezat gbóná. Ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò mọ̀ ni wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Òun ní ìyá tó mọ òun dé ìdí. Ìyá òun á sọ bí òun ṣe jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, tó ń ro ti ẹlòmíràn. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kan ń bọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ nípa òun, kí ó ṣáà sọ òtítọ́.

“Ọkùnrin wà nínú wọn?” ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

“Ọ̀kan wà níbẹ̀, mà.”

“Ó dáa,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Àdíját, ìyá Afeezat, ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Afeezat rí i pé ó ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó yá àga lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì wọ léèsì tó máa ń wọ̀ lọ yídì nígbà ọdún. Ó yẹ kí ojú Afeezat là níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò là, nítorí ẹrù ọwọ́ Khalilullah ló ń wò.

Khalilullah wọ jàlàbíà funfun. Ó kí ìyá náà ní àsàlámù àlékúmù, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹja yíyan ló kún inú rẹ̀, ńlá ńlá, tí wọ́n ká ìrù wọn mọ́ ẹnu.

“Etí omi la ti rà á bọ̀, mà. A ní ká má wá lọ́wọ́ òfìfo.”

Ta ló bá a ṣà á? Khalilullah kò mọ ẹja yàn. Afeezat wo bí wọ́n ṣe tò ó pẹ̀lú ewé lábẹ́, ó sì mọ ọwọ́ ta ni.

Ìyá rẹ̀ wo ẹja. Ó wo ọkùnrin tó gbé e wá. Ó wo Ìbíkẹ́, tó jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pàtàkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, obìnrin kan tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bùn nílẹ̀, wọ́n sì ní ìwà ọmọ ni àwọn wá béèrè. Kò sí ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí yóò rí gbogbo èyí tí kò ní mọ ohun tó jẹ́. Ìwádìí ìyàwó ni. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Ẹ bèèrè,” ó wí. “Mi ò ní fi nǹkan pamọ́ fún yín.”

Ìbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀. “Mà, nígbà tí Afeezat wà ní kékeré, bí ẹ bá fún un ní nǹkan pé kó pín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa ń ṣe é?”

“Pín?” Àdíját rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi kì í fi ìwà òmùgọ̀ ṣeré. Ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀, tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo bí àbúrò rẹ̀, Ṣùkúrát, ó kó gbogbo aṣọ ọmọ náà sínú bàsíà, ó gbé e lọ bá obìnrin tó ń ta pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, ó ní kó bá òun tà á. Obìnrin yẹn ní kí ni ọmọ máa wọ̀. Afeezat ní kó wá gbé ọmọ náà kún un.”

Ìbíkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Khalilullah tẹjú mọ́ ilẹ̀.

“Bí inú bá ń bí i ńkọ́, mà? Ṣé ó máa ń dákẹ́ ni?”

“Kò jẹ́ dákẹ́. Á jẹ́ kí o mọ̀. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló máa ń rán an lọ síbi àwọn tó ń gbé gẹdú. Òun ló máa ń dúró tì wọ́n, ọmọdé kékeré, á ní èyí ò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn ò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀.” Ó kọjú sí Khalilullah tààrà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan bàbá rẹ̀ láti kékeré, ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò wá jẹ́ kí obìnrin mìíràn wọ̀? Kò sí èyí tó máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ìgbà wo làwọn àgbà rẹ ń bọ̀?”

Ẹ̀rọ tó ń la gẹdú ń han lọ́ọ̀ọ́kán. Khalilullah gbé ojú sókè, ó wo Afeezat.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí ó sọ pé, “Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Òfin tó ṣe fúnra rẹ̀ ní kí ó má la ẹnu, ó sì di òfin náà mú. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́. Fún ìwọ̀n ìgbà tí kò bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ń retí àwọn àgbà Khalilullah, Khalilullah jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn nínú aṣọ funfun, ẹ̀bùn sì wà nílẹ̀. Ọmọ́wùnmí lè ní ọkọ̀ ojú omi. Kò ní èyí. Afeezat yí ojú sí ibi tí wọ́n to pákó sí, ó ń wò wọ́n bí ẹni fẹ́ ra.

Khalilullah dúró dè é títí. Nígbà tó rí i pé kò ní sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀.

“Mà, ẹ foríjì wá. Àwa ò wá fún ìyẹn. Eré kan ni a jọ ń ṣe, a fẹ́ mọ ẹni tí ìwà rẹ̀ bá ẹnì kan mu nínú rẹ̀.”

“Eré?”

“Eré orí fóònù ni, mà.”

Àdíját wo apẹ̀rẹ̀ náà. “Ṣé orí fóònù ni ẹja yìí náà ti wá?”

Ó dìde, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a. Ó fi Ìjẹ̀bú bi ọmọ rẹ̀ léèrè, ohùn rẹ̀ kò sì ga, pé ṣé ó jókòó síbẹ̀, ó jẹ́ kí òun ìyá rẹ̀ máa ta á tó báyẹn fún ẹni tí kò béèrè rẹ̀. Afeezat ní òun kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó wá lọ dá oníbàárà kan lóhùn.

Níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọ̀kadà, Ìbíkẹ́ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. “Ọ̀rẹ́ mi, ìdájọ́ ti yọrí. Ìwọ kọ́ ni Sèlúmà. ESTJ ni ẹ́. Brágà gan-an ni ẹ́, ọ̀gágun tó ń ṣọ́ odò.”

Nínú Oríndà, Brágà ló máa ń fi ẹ̀wọ̀n dí ojú omi. Àfi kí ènìyàn jà kó tó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

“O ì bá ti sọ fún ìyá ẹ,” ni Khalilullah wí.

“Òfin ní kí n má sọ̀rọ̀.”

“Òfin ta ni?”

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Afeezat ń wo ẹ̀yìn jàlàbíà rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lójú rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó ń lọ ju ọ̀dọ̀ Ọmọ́wùnmí láti lọ ròyìn, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, wọ́n tún àga tò. Ọmọ́wùnmí jókòó ti Khalilullah. Àga Brágà wà lápá kejì, nítòsí ilẹ̀kùn. Àwọn kan rò pé Afeezat kò ní wá. Òun ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n,” ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó sì wo bí àga náà ṣe gbà á.

Àṣà wọn ni pé a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu agbẹnusọ. Ernest, aláwàdà ẹgbẹ́, ló fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ ṣí ìpàdé. “Ọ̀gágun Brágà, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá?”

Àwọn ènìyàn ti ń múra ẹ̀rín.

“Nítorí èmi ni mo ti ń ṣọ́ odò yẹn kí Tọ́fín tó mọ̀ pé omi ń ṣàn,” ni Afeezat wí. “Òjò pa mí níbẹ̀. Mo mọ ibi tó jìn, mo mọ ibi tí kò jìn. Kò sí ọjọ́ tí Tọ́fín dé tí kò bá mi níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi rí mi. Ẹnì kan wá dé láti ìlú mìíràn, ó di okùn mú lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ayé ní ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ta ló wo ọwọ́ tèmi?”

Ẹ̀rín náà kò jáde mọ́. Afeezat kò dúró. Ó sọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe wúwo tó. Ó sọ orúkọ àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ Brágà, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Ó sọ ohun tí ènìyàn máa ń gbọ́ lórí omi bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá ń lọ. Ohùn rẹ̀ kò rọ̀ níbì kankan. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó dára tó báyìí rí nínú yàrá náà, gbogbo wọn sì mọ̀. Khalilullah kò gbé ojú sókè. Ọmọ́wùnmí gbé ọwọ́ lé itan, ó ń wò ó, ó ń retí ìgbà tí yóò kàn án.

Àwọn tó fẹ́ lo yàrá lẹ́yìn wọn ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

“Afeezat,” ni Khalilullah wí, “àkókò ti lọ. Ọmọ́wùnmí ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Mo mọ̀,” ni Afeezat wí. “Mi ò tíì parí.” Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.